"Ìyípo" kọ́: ohun mẹ́ta la ń fún lórúkọ kan

Ẹ̀yin tí ẹ dábàá "àṣìṣe ìyípo" fún "rounding error", ohun tó ń mú kí àròpọ̀ owó yàtọ̀ nínú Excel, ètò ìṣirò orí kọ̀ǹpútà, ẹ jẹ́ ká tún un wò. Kẹ̀kẹ́ ló ń yí po. Iye owó kì í yí po. Ṣe la ń sún un lọ sí ibi ìdúró tó sún mọ́ ọn jù, nítorí náà "ìsúnmọ́" ló bá a mu. "Àṣìṣe" náà ò yẹ ẹ́, torí kò sẹ́ni tó ṣi ìṣirò.

Àmọ́ orúkọ kan ò tó. Ẹ wo ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún lórí 4.75: 0.3325 ni. Bí ẹ bá ní kí nọ́ńbà méjì péré hàn lẹ́yìn póìntì, 0.33 lẹ máa rí, ṣùgbọ́n 0.3325 ṣì wà nínú àpótí (cell) yẹn. Ẹ to irú rẹ̀ mẹ́ta léra: SUM, àṣẹ tó ń ro iye pọ̀, á rí 0.9975, á sì fi 1.00 hàn yín. Ẹni tó bá fọwọ́ ro ohun tó wà lójú á ní 0.99, ìjà sì dé. "Ìfojúhàn" ni kí ìyẹn máa jẹ́. Aṣọ la pààrọ̀, ara ò yí padà. Ìsúnmọ́ gidi ni =ROUND(A2*7%,2) nínú àpótí kọ̀ọ̀kan kí SUM tó dé ọ̀dọ̀ wọn (ROUND ni àṣẹ tó ń sún iye, A2 ni àpótí tí owó wà, 2 tó kẹ́yìn ni iye nọ́ńbà lẹ́yìn póìntì). Ẹni tó fi ROUND bo SUM nìkan, 1.00 yẹn náà ló tún máa bá.

Àwọn tó ní "gígé" ńkọ́? Iṣẹ́ TRUNC nìyẹn, àṣẹ tó kàn ń gé nọ́ńbà ẹ̀yìn dànù. Bí a bá gé 0.338, ó di 0.33, bí a bá sún un, ó di 0.34.

Ẹ̀kẹta, lẹ́yìn ìfojúhàn àti ìsúnmọ́, ni mo fẹ́ ká pè ní "èérún". Oókan àti òdo ni kọ̀ǹpútà fi ń kọ iye, 0.1 kì í sì í parí nínú irú ìkọ̀wé bẹ́ẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìdá kan nínú mẹ́ta (0.333...) kì í ṣeé kọ parí nínú tiwa. =1*(0.5-0.4-0.1) ì bá jẹ́ òdo, -2.78E-17 ni Excel ń kọ síbẹ̀, ìyẹn iye tó fi bíńtín kéré sí òdo. Kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ó tó láti mú kí IF, àṣẹ tó ń yẹ ọ̀rọ̀ wò bóyá òótọ́ ni, sọ pé owó méjì tó dọ́gba ò dọ́gba. Ẹ má kọ A2=B2 mọ́; ROUND(A2-B2,2)=0 ni kẹ́ ẹ kọ.

Ó ku ìdajì gan-an. ROUND inú àpótí á sọ 2.5 di 3. Round ti VBA, èdè tí a fi ń kọ ètò sínú Excel, á sọ ọ́ di 2, torí ọ̀dọ̀ nọ́ńbà tó ṣeé pín sí méjì ló máa ń yà sí. Ta ló lọ́rọ̀ kan fún ìyẹn?