Afẹ́fẹ́ tó jò nínú ẹ̀dọ̀fóró mi

Láti àná ni mo ti ń ka ìrírí tí ẹ ń kọ síbí nípa àìsàn Kòrónà. Ibà, ikọ́, àìgbọ́ òórùn, gbogbo rẹ̀ ló ṣe èmi náà. Èyí tí mi ò tíì rí kí ẹnikẹ́ni sọ ni ti afẹ́fẹ́ tó ń jò nínú ẹ̀dọ̀fóró, ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ tèmi.

Bọ́ọ̀sì ni mo ń wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Oṣù Kìíní ọdún 2021 ni Kòrónà mú mi, ó sì ti pa púpọ̀ nínú àwa awakọ̀ ṣáájú ìgbà náà. Nígbà tó di ọjọ́ kẹjọ tí mo ti ń wúkọ́, ìyàwó mi fi ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ há mi níka, ó ka 84 péré nínú ọgọ́rùn-ún. Bẹ́ẹ̀ mi ò mí hẹlẹ o, mo tilẹ̀ ń bá a jiyàn pé ara mi yá. Kò dá mi lóhùn, áńbúláǹsì ló pè.

Ní ọsibítù, wọ́n fún mi ní dexamethasone, míligíráàmù 6 lóòjọ́, oògùn tí kò wọ́n rárá, tí àwọn onímọ̀ Yunifásítì Oxford fi hàn ní Oṣù Kẹfà 2020 pé ó ń dín ikú kù láàárín àwọn tó ń gba ọ́síjìn. Wọ́n de ìbòjú CPAP mọ́ mi lójú, ó ń ti afẹ́fẹ́ sí mi nínú tipátipá. Wọ́n ní kí n máa dojú bolẹ̀ sùn. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹfà, mo ti ń béèrè oúnjẹ.

Òru ọjọ́ keje ni ikọ́ kan gbé mi. Mo wúkọ́ títí omi fi bọ́ lójú mi, nǹkan kan wá gún mi láàárín àyà, ó gba ẹ̀yìn yọ. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ọrùn mi ti wú dé ẹ̀rẹ̀kẹ́, ohùn mi sì ń jáde ní imú. Dókítà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ wò ó, ó ní ara mi ló kọ oògùn. Wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́, wọ́n ní kí n sinmi. Wákàtí mẹ́ta gbáko ni mo fi dùbúlẹ̀ tó ń wú sí i. Ó ṣì ń dùn mí títí dòní.

Ọmọ Ọ̀wọ̀ ni nọ́ọ̀sì tó gba iṣẹ́ láàárọ̀. "Bọ̀dá, ẹ má sọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kí n fọwọ́ kàn yín." Ó fi ìka méjì tẹ abẹ́ àgbọ̀n mi. Mo gbọ́ ọ, òun náà gbọ́ ọ: ó ń dún bí ìgbà tí èèyàn bá ń rún ewé gbígbẹ lọ́wọ́. Ó tẹ èjìká, ó tún dún. Ó mú ọwọ́ mi, ó gbé e lé ibẹ̀ kí èmi náà lè mọ̀ ọ́n. "Afẹ́fẹ́ lèyí o, kì í ṣe oògùn." Ló bá sáré jáde.

Bí wọ́n ṣe là á yé mi lẹ́yìn síkáànù nìyí. Kòrónà ti sọ àwọn àpò wẹ́wẹ́ tó ń gba afẹ́fẹ́ nínú ẹ̀dọ̀fóró di ẹlẹgẹ́. Bí ọ̀kan bá bẹ́, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á rápálá gba ẹ̀gbẹ́ iṣan ẹ̀jẹ̀ dé àárín àyà níbi tí ọkàn wà, á sì gòkè wá sábẹ́ awọ ọrùn. Pneumomediastinum ni wọ́n ń pè é. Láti 1939 ni onímọ̀ ìṣègùn kan tó ń jẹ́ Macklin ti ṣàlàyé ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ náà ń gbà. Mo bi wọ́n bóyá ẹ̀rọ CPAP yẹn ló bẹ́ ẹ, wọ́n ní ẹ̀rọ lè dá kún un, àmọ́ ó ń ṣe àwọn tí kò fojú kan ẹ̀rọ pàápàá. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi mú níbẹ̀ ni pé ara mi ti ń yá kó tó ṣẹlẹ̀. Bí ìrora bá ṣàdédé gún èèyàn yín láyà, tàbí tí ọrùn rẹ̀ wú, ẹ má jẹ́ kí wọ́n ní kó lọ sùn láìjẹ́ pé ẹnì kan tẹ ọrùn náà wò.

Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, afẹ́fẹ́ ya wọ ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ẹ̀dọ̀fóró ibẹ̀ súnkì. Wọ́n ki rọ́bà gba àárín egungun ìhà mi, wọ́n ti ẹnu rẹ̀ bọ ìgò omi kan nílẹ̀. Bí mo bá wúkọ́, omi á hó gùdùgùdù. Wọ́n ní ọjọ́ tí mo bá wúkọ́ tí kò hó, ihò ti dí. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi wo ìgò yẹn. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, mo wúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, omi pa rọ́rọ́. Mo sunkún.

Màmá mi ń pè láti Ìjẹ̀bú-Òde pé kí n wálé wá mu ẹ̀kọ gbígbóná. Dókítà ní mi ò gbọ́dọ̀ wọ bàálù títí fọ́tò àyà fi máa hàn pé afẹ́fẹ́ ti tán, kí n sì tún fi ọ̀sẹ̀ kan lé e, torí afẹ́fẹ́ tó há sínú ara máa ń fẹ̀ bí bàálù bá gòkè. Mi ò lè sọ ìyẹn fún Màmá. Mo ní ìjọba ló ti ọ̀nà.

Ìyá Tóbi, Houston:
Ẹ kú ewu o, bọ̀dá. Ọkọ tèmi ò dé ìdí ẹ̀rọ kankan. Ó ti pé ọ̀sẹ̀ méjì tó kúrò ní ọsibítù, ó bẹ̀rẹ̀ láti so okùn bàtà, ó ní èjìká òsì ń ro òun. Mo fi róòbù ra á. Ká tó jẹun alẹ́, kò lè sọ gbólóhùn kan parí. Ẹ̀dọ̀fóró òsì ti súnkì.

Àbúrò, Ìbàdàn:
Ti ẹ̀gbọ́n mi, ihò ni. Oṣù Kẹjọ 2021 ló ṣàìsàn, lẹ́yìn oṣù méjì síkáànù fi ihò hàn nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ fura sí ikọ́ ẹ̀gbẹ, àwọn ará ilé ò wọ yàrá rẹ̀ mọ́. Wọ́n yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ wò, kò sí ikọ́ ẹ̀gbẹ níbẹ̀. Dókítà ní Kòrónà lè dá irú ihò bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, pé olú (ìyẹn fungus) lè hù sínú rẹ̀. Títí di báyìí, ó máa ń dúró sinmi ní àárín àtẹ̀gùn ọ́fíìsì rẹ̀.

Èmi náà nìyí padà:
Ìyá Tóbi, ẹ má fi ti róòbù yẹn dá ara yín lẹ́bi, èmi náà ì bá fi ra á ni. Àbúrò, ẹ bá mi kí ẹ̀gbọ́n. Ṣé wọ́n ti tún fọ́tò ihò náà yà? Bó bá wúkọ́ tí ẹ̀jẹ̀ bá a jáde, bó ti wù kó kéré mọ, ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún yín o, ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà.