Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: èwo ni kí n kọ́ nínú iṣẹ́ ìlera ọpọlọ?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ara ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kò yá, àìsàn ọpọlọ ni, èmi ni mo sì dúró tì wọ́n ní ọsibítù fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Kí n tó débẹ̀, mo rò pé dókítà nìkan ló ń tọ́jú irú àìsàn yìí. Àṣé wọ́n pọ̀! Ẹnì kan ń kọ oògùn fún wọn, ẹnì kan ń jókòó bá wọn sọ̀rọ̀ fún odidi wákàtí, ẹlòmíràn ń kọ́ wọn bí wọn yóò ṣe máa wẹ̀, kí wọ́n sì wọṣọ fúnra wọn. Ọmọ ọdún 24 ni mí, mo sì ti pinnu pé iṣẹ́ yìí ni màá ṣe. Èwo gan-an ni kí n mú? Iye ọdún tí ẹ̀kọ́ dókítà ń gbà ló ń bà mí lẹ́rù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ.

Dókítà ọpọlọ: Àbúrò, o kú ìtọ́jú ẹ̀gbọ́n rẹ. Ọ̀nà tiwa gùn lóòótọ́. Wàá kọ́kọ́ di dókítà bíi gbogbo dókítà, wàá gbẹ̀bí, wàá rán egbò, kó o tó wá lo ọdún mélòó kan sí i lórí ọpọlọ. Ẹ̀ka ṣì wà lẹ́yìn ìyẹn: tọmọdé, tàgbàlagbà, ti àwọn tí ọtí tàbí oògùn olóró ti di bárakú fún, ti ilé ẹjọ́ àtọgbà ẹ̀wọ̀n. Àmọ́ àwọn ọdún yẹn kì í ṣe àṣedànù. Mo tọ́jú obìnrin kan tí gbogbo èèyàn sọ pé ìrònú ló ń bá fínra. Nígbà tá a yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ẹ̀yà ara kan ní ọrùn rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní thyroid ni kò ṣiṣẹ́ dáadáa.

Saikọ́lọ́jísìtì: Àwa kì í sábà kọ oògùn. Àyẹ̀wò ìrántí àti ìrònú niṣẹ́ wa, àti ìtọ́jú tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ la fi ń ṣe é. Lọ́dún 1896 ni Lightner Witmer, saikọ́lọ́jísìtì ará Amẹ́ríkà, ṣí ilé ìtọ́jú àkọ́kọ́ ti àwa saikọ́lọ́jísìtì ní Yunifásítì Pennsylvania. Ọmọdékùnrin kan tí sípẹ́lì ń dà láàmú níléèwé ló kọ́kọ́ tọ́jú. Láwọn ilẹ̀ kan, master's ti tó; ní Amẹ́ríkà, dókítọ́réètì ni wọ́n sábà ń béèrè. Má sì rò pé ibi tó o bá ti bẹ̀rẹ̀ lo máa kú sí. Neurology, ìyẹn ìtọ́jú àìsàn inú iṣan ọpọlọ àti ti ara, ni Aaron Beck, dókítà ará Amẹ́ríkà, ń kọ́ tẹ́lẹ̀ kó tó bọ́ sí ìtọ́jú àìsàn ọpọlọ bíi ti ẹ̀gbọ́n rẹ, òun ló sì gbé CBT kalẹ̀ láwọn ọdún 1960, ìyẹn ìtọ́jú alọ́rọ̀ tó ń kọ́ èèyàn bó ṣe máa yí èrò àti ìṣe tó ń dà á láàmú padà.

Nọ́ọ̀sì ìlera ọpọlọ: Ẹ má bínú o, ẹ̀yin ọ̀gá. Ẹ ó wá, ẹ ó lọ. Àwa la wà níbẹ̀ ní aago méjì òru. Bàbá kan ń fi oògùn pamọ́ sábẹ́ ahọ́n. Mi ò jágbe mọ́ wọn, mo kàn jókòó tì wọ́n. Nígbà tó yá, wọ́n na ọwọ́ wọn sí mi, ó ń gbọ̀n. Oògùn yẹn ló ń fà á. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ fún dókítà, wọ́n sì yí i padà. Tó bá jẹ́ pé dídúró ti èèyàn ló wù ọ́, wá sọ́dọ̀ wa.

Social worker: Ta ló ń wá ilé àti iṣẹ́ fún aláìsàn tí wọ́n bá ní kó máa lọ? Àwa ni. Ẹni tó kọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ bí wọ́n á ṣe wọṣọ, occupational therapist ni. Nǹkan kan ṣì wà: ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹnikẹ́ni ló lè pe ara rẹ̀ ní counsellor, ìyẹn agbaninímọ̀ràn, òfin kò kà á léèwọ̀. Kó o tó sanwó iléèwé èyíkéyìí, wádìí bóyá ẹgbẹ́ tó ń forúkọ àwọn oníṣẹ́ náà sílẹ̀ fọwọ́ sí i.

Ẹni tó béèrè: Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. Òní ni mo tó mọ orúkọ iṣẹ́ obìnrin yẹn. Lọ́jọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi kọ́kọ́ de bọ́tìnì aṣọ wọn fúnra wọn, èmi àti obìnrin náà la jọ sunkún. Ṣé occupational therapist kankan wà níbí? Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ béèrè bí ọjọ́ yín ṣe máa ń lọ.