Ìléru ethane: ṣé páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ ni kí n lò àbí èyí tó fẹ̀?
Ẹ̀yin ọ̀gá mi tẹ́ ẹ mọ̀ nípa ìléru, ẹ jọ̀ọ́, ìmọ̀ràn yín ni mo wá. Mo ń ya àwòrán ìléru tí yóò fi ooru fọ́ ethane (gáàsì kan tó wà nínú gáàsì ilẹ̀) sí ethylene, gáàsì tí wọ́n fi ń ṣe ike. Gáàsì á jáde nínú páìpù ní nǹkan bí 840°C. Ooru omi tí a pò mọ́ ọn jẹ́ 0.3 kílógíráàmù sí kílógíráàmù ethane kan.

Bí páìpù bá tẹ́ẹ́rẹ́ tó sì kúrú, gáàsì ò ní pẹ́ nínú iná, ethylene á pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n èédú díẹ̀ tí gáàsì bá fi sílẹ̀, tó lẹ̀ mọ́ inú rẹ̀, ti tó láti há ọ̀nà mọ́ gáàsì. Bó bá fẹ̀, á pẹ́ kí a tó dá ethane dúró láti fi ooru omi àti afẹ́fẹ́ jó èédú kúrò, àmọ́ ethylene á dín kù. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni ara irin, tí kò gbọdọ̀ gbóná ju nǹkan bí 1,100°C lọ. Èédú kì í jẹ́ kí ooru ráyè wọlé, irin ló ń gbà á sára.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é rí, èwo lẹ máa mú? Bí mo bá pa páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ méjì pọ̀ di ẹyọ kan tó fẹ̀ lápá ìsàlẹ̀ ńkọ́, ṣé oríkèé yẹn ò ní tètè dí?