Ọ̀dà Tó Ń Hunjọ Lára Ọkọ̀: Ẹ Jẹ́ Kí A Kọ́kọ́ Mọ Ohun Tó Wà Lábẹ́ Rẹ̀

Ìbéèrè

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ọ̀gá mi, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ilẹ̀kùn ọkọ̀ mi kan ha, mo sì pinnu láti tún un kùn fúnra mi. Mo fi sáńdípépà ha ojú ibẹ̀, mo fọ́n pírámà, ìyẹn ọ̀dà ìpìlẹ̀, sí i, ó gbẹ, ó sì dán dáadáa. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo fọ́n ọ̀dà aláwọ̀ lẹ́ẹ̀kejì, kò tó ìṣẹ́jú méjì tí etí ibi tí mo ha fi hunjọ bí awọ arúgbó. Ní apá ìsàlẹ̀, àwọn ojú róbótó kéékèèké yọ, tí ọ̀dà ń sá fún àárín wọn. Ṣé ayédèrú ọ̀dà ni wọ́n tà fún mi ni, àbí kí n fọ́n èyí tó nípọn bò ó?

Ìdáhùn

Àbúrò mi, o ṣeun tí o béèrè kí o tó fọ́n òmíràn lé e, nítorí pé ọ̀dà tí a bá fọ́n lé ojú tó ti hunjọ yóò tún hunjọ ni, yóò sì burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. N kò rò pé ayédèrú ni ọ̀dà rẹ. Àrùn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló pàdé lára ilẹ̀kùn yẹn.

Ìhunjọ náà wá láti abẹ́. Tínà, ìyẹn omi tí a fi ń yọ́ ọ̀dà, tó wà nínú ọ̀dà tuntun ló wọ inú ọ̀dà àtijọ́, ó rọ̀ ọ́, ó sì mú un wú, bẹ́ẹ̀ ni ohun tó bá wú tí kò rí àyè tàn sí yóò ká jọ. Ọ̀dà tí wọ́n fi kun ọkọ̀ ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe é ti jinná nínú ooru tó lé ní 100°C, tínà kì í sì í sábà rí i gbé ṣe. Èyí tí ẹnìkan tún fọ́n lẹ́yìn náà láti inú agolo, tí kò ní hádínà (ohun tí a ń pò mọ́ ọ̀dà kí ó lè le) nínú, afẹ́fẹ́ lásán ló gbẹ ẹ́, nítorí náà tínà lè tún sọ ọ́ di rírọ̀ lẹ́yìn ọdún púpọ̀. Ìdí tó fi jẹ́ pé etí ibi tí o ha ló kọ́kọ́ hunjọ ni pé sáńdípépà ti ṣí ẹ̀gbẹ́ gbogbo ìpele àtijọ́ sílẹ̀ níbẹ̀, tínà sì gba ẹ̀gbẹ́ wọlé. Òtútù náà ń dá kún un: bí irin bá tutù, ọ̀dà yóò pẹ́ ní tútù, tínà yóò sì rí àkókò tó pọ̀ fi jẹ abẹ́. Ìgbóná tó tó nǹkan bí 20°C ló dára, kí ó sì jẹ́ pé irin fúnra rẹ̀ ló móoru, kì í ṣe afẹ́fẹ́ inú gáráàjì nìkan.

Kí o tó ṣe ohunkóhun mìíràn, da tínà sí aṣọ funfun mímọ́, kí o sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọ̀dà àtijọ́ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú kan. Bí àwọ̀ bá tẹ̀lé aṣọ, tàbí bí ojú ibẹ̀ bá rọ̀, o ti mọ ẹni tí o ń bá jà. Ìdánwò yìí kò náni ní nǹkan kan, síbẹ̀ òun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fò dá, ó sì máa ń dùn mí bí mo bá rí iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta tó bàjẹ́ nítorí rẹ̀.

Àwọn ojú róbótó yẹn ní tiwọn wá láti inú silicone, ọ̀rá tàbí epo tó wà lójú irin. Pọ́líìṣì tí a fi ń dán ọkọ̀ sábà máa ń ní i nínú, bẹ́ẹ̀ náà ni omi tí a ń fọ́n sí táyà kí ó lè máa dán. Mo ti ba bọ́nẹ́ẹ̀tì odidi kan jẹ́ rí nítorí pé mo fọ́n irú omi bẹ́ẹ̀ nínú gáráàjì kan náà ní ọjọ́ tó ṣáájú. Fi ọṣẹ àti omi fọ ilẹ̀kùn náà, kí o sì fi omi tí wọ́n ṣe fún yíyọ ọ̀rá nù ún kí o tó gbé sáńdípépà. Ẹni tó bá ha á kí ó tó nù ún ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ ọ̀rá wọ inú ojú ìha. Aṣọ méjì ni kí o lò: fi èyí tó tutù pa á, kí o sì fi gbígbẹ nù ún kúrò kí ó tó gbẹ fúnra rẹ̀, nítorí pé bí o bá jẹ́ kí ó gbẹ, ojúkan náà ni ọ̀rá yóò padà sí.

Àfikún

Ẹ̀gbọ́n ti sọ èyí tó ṣe kókó. Ibi tí wọ́n ti ń tún ara ọkọ̀ ṣe ni mo ti ń ṣiṣẹ́, mo sì fẹ́ fi ọ̀rọ̀ bọ́dì fílà, ìyẹn ohun tí a fi ń dí ibi tó tẹ̀ lára ọkọ̀, kún un, bí ẹ bá lò ó. Hádínà rẹ̀ kò yẹ kó ju nǹkan bí 2 nínú 100 lọ. Àpọ̀jù rẹ̀ lè gba inú ọ̀dà yọ jáde gẹ́gẹ́ bí àbàwọ́n. Ẹ má ṣe fi omi ha á, nítorí pé ó ń fa omi mu, omi náà yóò sì padà yọ bíi ìléròrò. Ẹ má sì fi í lé orí pírámà tó ní ásíìdì, nítorí pé ásíìdì kì í jẹ́ kí ó le dáadáa.

Mo bẹ̀ yín, ẹ fi ọwọ́ pàtàkì mú èyí: hádínà inú ọ̀dà 2K (ọ̀dà alápá méjì tí a ń po mọ́ hádínà) àti kilíà 2K, ìyẹn ọ̀dà aláìláwọ̀ tí a fi ń parí iṣẹ́, ní èròjà olóró tó ń jẹ́ isocyanate nínú, ó sì lè fa ikọ́ fée (asthma) tí kì í lọ mọ́. Àìgbóòórùn rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rí pé kò sí nínú afẹ́fẹ́. Ìbòmú tí a so mọ́ afẹ́fẹ́ mímọ́ láti ìta ni àwa ń lò, ẹni tí kò bá ní i kò gbọdọ̀ fọ́n 2K.

Olùbéèrè

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀gbọ́n, ẹ sì ṣeun, àǹtí. Mo ti ṣe ìdánwò náà. Ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, àwọ̀ tẹ̀lé aṣọ. Ní òkè, kò tẹ̀lé. Ṣé mo lè ha ìsàlẹ̀ nìkan?

Ìdáhùn

O lè ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n jẹ́ kí ohun tí o fọ́n gbẹ pátápátá ná. Fi sáńdípépà P180 ha gbogbo ọ̀dà rírọ̀ náà kúrò, kí o sì fi P320 tẹ́ ojú rẹ̀. Orí ọ̀dà líle ni kí ààlà rẹ parí sí, kì í ṣe àárín èyí tó rọ̀. Fọ́n pírámà epoxy tí kò nípọn bò ó kí ó lè dínà mọ́ tínà, kí o sì tẹ̀ lé àkókò tí wọ́n kọ sára agolo rẹ̀. Lẹ́yìn tí o bá fi P500 ha á, fọ́n ọ̀dà aláwọ̀ ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí o sì dúró kí dídán rẹ̀ kú kí o tó fọ́n ìkejì. Ṣùgbọ́n kí o tó bu epoxy rárá, tún fi aṣọ oní-tínà yẹn tẹ ààlà náà. Bí àwọ̀ bá ṣì ń jáde, máa ha á lọ sókè títí aṣọ yóò fi kúrò níbẹ̀ ní funfun.