Owó orí ilé ní Houston: ẹ ṣírò kí ẹ tó ra ilé, kí ẹ tó fi yàrá kún un

Ìyàwó Cypress: Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé tuntun kan wà tí a fẹ́ rà ní Cypress. $1,680 péré ni owó orí rẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Ṣé bẹ́ẹ̀ náà la ó máa san án lọ? A sì fẹ́ sọ gáráàjì rẹ̀ di yàrá fún màmá.

Bọ̀dá Katy: Ẹ má tíì fọwọ́ síwèé o. Owó ilẹ̀ lásán nìyẹn. Bí nǹkan bá ṣe rí ní January 1 ni ọ́fíìsì adíyelé (appraisal district) fi ń díyelé e ní Texas. Bó bá jẹ́ ilẹ̀ gbalasa ni wọ́n bá lọ́jọ́ náà, owó ilẹ̀ ni wọn á gbà. Lọ́dún kejì, wọ́n á rí ilé.

Ká ní àpapọ̀ owó orí jẹ́ 2.8%. Ilẹ̀ $60,000 á san $1,680. Ilé $350,000 á san $9,800, kí wọ́n tó yọ ẹ̀dínwó kankan. $140 lóṣù ni báǹkì ti ń kó sínú escrow (àpò tí wọ́n ti ń tọ́jú owó orí yín), á di nǹkan bí $817. Wọ́n á tún pín $8,120 tí escrow fi kù sí oṣù méjìlá. Owó oṣooṣù yín á ṣàdédé fi bí $1,350 lé sí i. Ẹ ní kí báǹkì fi iye ilé pípé ṣírò escrow láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ máa tọ́jú ìyàtọ̀ rẹ̀ fúnra yín.

Ẹ béèrè owó orí MUD náà, ìyẹn àjọ omi àdúgbò. Gbèsè páìpù omi àti omi ẹ̀gbin tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ ládùúgbò ló ń san. Bó bá jẹ́ sẹ́ńtì 80 lórí $100, $2,800 nìyẹn lórí ilé yín. Adúgbò tuntun tí ilé ò tíì pọ̀ níbẹ̀ ló sábà máa ń wọ́n jù.

Àǹtí Sugar Land: Bí ẹ bá ti kó wọlé, ẹ fi fọ́ọ̀mù 50-114 gba homestead, ìyẹn ẹ̀dínwó owó orí fún ilé tí ẹ ń gbé fúnra yín. Ọ̀fẹ́ ni, ẹ sọ lẹ́tà àwọn tó ń béèrè owó láti bá yín kọ ọ́ nù. Àdírẹ́sì orí láísẹ́ǹsì ìwakọ̀ yín gbọ́dọ̀ bá ti ilé mu, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dá ọ̀pọ̀ padà. Láti 2025, $140,000 ni wọ́n ń yọ fún owó orí ilé-ìwé, nítorí náà lórí $210,000 ni ẹ ó san tiyín. Tọkọtaya ò lè gbà á sórí ilé méjì o, ì báà jẹ́ ìpínlẹ̀ mìíràn ni èkejì wà.

Láti ọdún tó tẹ̀lé e, iye tí wọ́n fi ń gba owó orí ò ní lè fi ju 10% lọ sókè lọ́dún kan. Ẹni tó bá ń ra ilé àlòkù kó ṣọ́ra: ààbò ẹni tó tà á ò bá ilé lọ. Bí ẹni tó tà á bá sì ti lé ní ọmọ ọdún 65, owó orí ilé-ìwé tirẹ̀ ní òté tí kì í kọjá. Ẹ má fi ìwé bàbá arúgbó ṣírò tiyín.

Ìyàwó Cypress: Yàrá màmá ńkọ́? Wọ́n ti lé ní 65.

Àǹtí Sugar Land: Òté yẹn ò lè kan ilé yín àfi tí orúkọ wọn bá wà lórí ìwé ilé, tí wọ́n sì ń gbé ibẹ̀. Yàrá tuntun máa ń bọ́ síta 10% yẹn: gbogbo iye tó fi kún ilé ni wọ́n á gbé lé e. Àtúnṣe bíi òrùlé tó ń jò tàbí ọ̀dà kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹ má tìtorí owó orí sá fún pẹ́míìtì. Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ tà á lọ̀rọ̀ á yọjú.

Bọ̀dá Katy: Bí iye tí ọ́fíìsì adíyelé kọ fún ilé yín bá ga jù, ẹ ta kò ó kó tó kọjá May 15, tàbí láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ tí wọ́n fi lẹ́tà iye náà ránṣẹ́, èyí tó bá pẹ́ jù. Ẹ má lọ rojọ́ pé owó orí wọ́n. Iye ilé nìkan ni wọ́n ń gbọ́. Bí ẹ bá rà á ní owó tó kéré sí tiwọn, ẹ mú ìwé closing (ìwé tí ẹ fi parí ìrà ilé náà) lọ. Bó bá ju tiwọn lọ, òfin ò ní kẹ́ ẹ sọ iye tí ẹ rà á, kódà bí wọ́n bá fi lẹ́tà béèrè. Fọ́tò ibi tí ilé ti là, pẹ̀lú iye tí kọngílá kọ sílẹ̀ láti tún un ṣe, máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ẹ béèrè ẹ̀rí tiwọn náà kó tó ku ọjọ́ mẹ́rìnlá tí wọ́n á gbọ́ ẹjọ́ yín.

January 31 ni gbèdéke ìsanwó. Láti February 1, 7% ló ń lé e, bó bá sì wọ July, owó lọ́yà lè tún gorí ẹ̀. Báǹkì ló ń san án tàbí ẹ̀yin, ẹ wo íntánẹ́ẹ̀tì tax office ní January bóyá ó ti wọlé.