Ìbẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ Kọ́múnístì ilẹ̀ Ṣáínà: ṣé "Àgbẹ̀kọ̀yà" tiwọn ni?

TíṣàTákíé

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. Àwọn ọmọ SS2 kan níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́ fẹ́ ṣe ìjiyàn lórí bí ẹgbẹ́ Kọ́múnístì ilẹ̀ Ṣáínà ṣe bẹ̀rẹ̀, àwọn ìwé tó wà nílẹ̀ kò sì bá ara wọn mu. Ọ̀kan ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje 1921 ni wọ́n dá a sílẹ̀, òmíràn ní ọjọ́ 23. Ọ̀kan ní èèyàn 12 ló pé jọ, òmíràn ní 13.

Kí ló dé tí wọ́n fi wọnú Kuomintang, ẹgbẹ́ òṣèlú Sun Yat-sen, tí Kuomintang kan náà tún wá yíjú padà tó ń pa wọ́n? Báwo ni wọn ò ṣe parẹ́ lẹ́yìn ìyẹn? Ọmọ kan ti kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé "Àgbẹ̀kọ̀yà ti Ṣáínà ni", pé ìyà ló jẹ àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n fi dìde. Ṣé kí a fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, àbí kí a fa ìlà sí i?

ỌmọÀtìbà

Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ti ọjọ́ ló rọrùn jù. Ọjọ́ 23 oṣù Keje 1921 ni ìpàdé bẹ̀rẹ̀ ní Shanghai. Ọjọ́ kìíní oṣù Keje, ọjọ́ àjọ̀dún ni. Nígbà tí wọ́n fẹ́ máa ṣe àjọ̀dún yìí ní 1938, àwọn tó wà ní ìpàdé àkọ́kọ́ tí wọ́n sì ṣì kù nínú ẹgbẹ́ rántí oṣù, wọn ò rántí ọjọ́. Mao Zedong, tó wá di olórí Ṣáínà lẹ́yìn náà, wà lára wọn. Ni wọ́n bá mú ọjọ́ àkọ́kọ́ nínú oṣù. Ìwé àkọsílẹ̀ tó jáde lẹ́yìn ló fi 23 hàn. Kí ọmọ kọ méjèèjì, kó sì sọ èyí tó jẹ́ ti ìpàdé àti èyí tó jẹ́ ti àjọ̀dún.

Ti iye èèyàn, aṣojú 12 ló wá láti Shanghai, Beijing, Changsha, Wuhan, Jinan, Guangzhou àti láàárín àwọn tó wà ní Jàpáànù. Ẹni kẹtàlá ni Bao Huiseng, tí Chen Duxiu rán wá dípò ara rẹ̀. Ẹni tó bá ka Bao mọ́ aṣojú yóò sọ pé 13, ẹni tí kò bá kà á yóò sọ pé 12. Àlejò méjì tún wà níbẹ̀ tí àjọ Kọ́múnístì àgbáyé rán wá láti Moscow: Sneevliet, ọmọ Hóláǹdì tó ń jẹ́ orúkọ Maring, àti Nikolsky, ọmọ Rọ́ṣíà.

Èyí tó máa ń ya àwọn ọmọ lẹ́nu ni pé àwọn méjì tí gbogbo ayé ń pè ní olùdásílẹ̀, Chen Duxiu àti Li Dazhao, kò sí níbẹ̀ rárá. Chen wà ní Guangzhou. Síbẹ̀ òun ni wọ́n yàn ṣe olórí. Gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ jákèjádò orílẹ̀-èdè náà nígbà yẹn kò ju àádọ́ta àti díẹ̀ lọ. Kíláàsì ilé ìwé ìjọba mìíràn lóde òní pọ̀ jù ú lọ.

Ilé ẹ̀gbọ́n Li Hanjun ni wọ́n ti ṣe é, ní apá ìlú Shanghai tó wà lábẹ́ àwọn Faransé. Ní alẹ́ ọjọ́ 30, ẹnì kan tí wọn ò mọ̀ rí já wọlé, ó ní òun ṣi ilé ni. Ara fu Maring, ó ní kí wọ́n tú ká lójú ẹsẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn ọlọ́pàá Faransé fi dé tí wọ́n tú gbogbo ilé. Inú ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ti parí ìpàdé, lórí adágún kan ní Jiaxing, bí ẹni tó wá gba atẹ́gùn.

Ẹ kìlọ̀ fún wọn kí wọ́n má kọ ọ́ bíi pé Mao ni ọ̀gá níbẹ̀. Aṣojú Changsha ni, òun àti He Shuheng. Méjì nínú àwọn aṣojú yẹn, Chen Gongbo àti Zhou Fohai, inú ìjọba tí àwọn Jàpáànù gbé kalẹ̀ nígbà ogun ni wọ́n parí sí.

Akẹ́sán

Tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ láti 1921, ọ̀rọ̀ Kuomintang kò ní yé wọn. Ìjọba ọba ṣubú ní 1911 sí 1912. Lẹ́yìn náà ni àwọn ọ̀gágun pín ilẹ̀ mọ́ ara wọn lọ́wọ́, kálukú pẹ̀lú ọmọ ogun tirẹ̀ àti owó orí tirẹ̀, bí ilẹ̀ Yorùbá ṣe rí lẹ́yìn tí Ọ̀yọ́ Ilé tú. Ní 1919, ìpàdé àlàáfíà tí wọ́n ṣe ní Faransé lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní kó ẹ̀tọ́ tí Jámánì ní ní Shandong, ìpínlẹ̀ Ṣáínà kan, fún Jàpáànù, bẹ́ẹ̀ Ṣáínà wà lẹ́yìn àwọn tó borí ogun. Ní ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún, nǹkan bí 3,000 akẹ́kọ̀ọ́ tú síta ní Beijing. Inú ìbínú yẹn ni Chen, tó ti jẹ́ ọ̀gá kan ní yunifásítì Beijing, àti Li, olórí ilé ìkàwé ibẹ̀, ti rí àwọn ọ̀dọ́ tó tẹ̀ lé wọn. Ní 1920 ni Voitinsky, aṣojú àjọ Kọ́múnístì àgbáyé, dé láti Rọ́ṣíà, tó sì ràn wọ́n lọ́wọ́ láti to ẹgbẹ́ náà.

Àwọn òṣìṣẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ gbójú lé, kì í ṣe àgbẹ̀. 1922 dára fún wọn: ìyanṣẹ́lódì àwọn atukọ̀ ní Hong Kong yọrí sí rere, ti àwọn awakùsà ní Anyuan náà yọrí sí rere. Àmọ́ ní ọjọ́ 4 oṣù Kejì 1923, àwọn òṣìṣẹ́ ojú irin tó lọ láti Beijing sí Hankou yanṣẹ́ lódì, ní ọjọ́ 7 ọ̀gágun Wu Peifu sì kó sójà bò wọ́n. Wọ́n bẹ́ Lin Xiangqian, ọ̀kan nínú àwọn olórí wọn, lórí. Ibẹ̀ ló ti hàn pé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tí kò ní ìbọn lẹ́yìn, ẹran ìpa ni.

Sun Yat-sen, olórí Kuomintang, ní tirẹ̀ ń wá owó àti ohun ìjà. Àwọn ìjọba Yúróòpù kò dá a lóhùn, Moscow dá a lóhùn. Ní oṣù Kẹfà 1923, àwọn Kọ́múnístì ṣe ìpàdé ńlá kẹta ní Guangzhou. Ọmọ ẹgbẹ́ jẹ́ 420. Wọ́n fọwọ́ sí i pé kí kálukú wọn wọ Kuomintang, kó má sì fi ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Ẹ tẹnu mọ́ èyí fún wọn: ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n wọlé, kì í ṣe ẹgbẹ́ pẹ̀lú ẹgbẹ́. Gbogbo wàhálà tó tẹ̀ lé e, ara rẹ̀ ló ti hù. Lójú Kuomintang, ọmọ abẹ́ wọn ni. Lójú ara wọn, wọ́n jẹ́ ẹgbẹ́ ọ̀tọ̀.

Èrè rẹ̀ pọ̀. Ní oṣù Kìíní 1925, 994 ni wọ́n. Ní oṣù Karùn-ún ọdún yẹn, àwọn ọlọ́pàá tó wà lábẹ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn pa àwọn tó ń wọ́de ní Shanghai, ìbínú gba ìlú. Nígbà tó fi di oṣù Kẹrin 1927, wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 58,000.

Ibo ló ti wọ́? Níbi ìbọn. Owó àti ohun ìjà Rọ́ṣíà ni wọ́n fi dá ilé ẹ̀kọ́ ológun Whampoa sílẹ̀ ní 1924. Zhou Enlai, tó jẹ́ Kọ́múnístì, wá di olórí ẹ̀ka òṣèlú ibẹ̀, àmọ́ Chiang Kai-shek, ọ̀gágun Kuomintang, ni ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́. Àwọn Kọ́múnístì ń kọ́ sójà ní ọ̀rọ̀, Chiang ló ń pàṣẹ fún wọn. Sun kú ní oṣù Kẹta 1925, kò sì sí ẹni tó lè di ìhà méjèèjì mú mọ́. Ní 1926, Chiang kọ́kọ́ mú àwọn Kọ́múnístì kan ní Guangzhou, oṣù méjì lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣòfin pé wọn ò gbọdọ̀ ju ìdá mẹ́ta kan lọ nínú ìgbìmọ̀ àgbà Kuomintang. Ìkìlọ̀ tó hàn gbangba nìyẹn. Wọ́n gbé e mì.

Ní oṣù Kẹta 1927, àwọn òṣìṣẹ́ gba Shanghai kí ọmọ ogun Kuomintang tó wọlé. Ní ìdájí ọjọ́ 12 oṣù Kẹrin, àwọn jàǹdùkú tó wà lábẹ́ Du Yuesheng wọ aṣọ òṣìṣẹ́, wọ́n so aṣọ funfun mọ́ apá, wọ́n kọlu àwọn ọ́fíìsì ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Sójà Chiang wá bí ẹni tó fẹ́ làjà, wọ́n gba ìbọn àwọn òṣìṣẹ́. Ìpakúpa sì bẹ̀rẹ̀.

Bàbá_Ìwé

Akẹ́sán ti sọ ọ́ dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n fi ìdí kan múlẹ̀. Àwọn ìwé kan máa ń di gbogbo ẹ̀bi ru Chen Duxiu. Kò rí bẹ́ẹ̀. Moscow ló ń tẹnu mọ́ ọn pé kí wọ́n dúró sínú Kuomintang, kódà lẹ́yìn ìpakúpa Shanghai: wọ́n tún lọ rọ̀ mọ́ apá Kuomintang tó wà ní Wuhan, títí àwọn yẹn náà fi lé wọn ní oṣù Keje. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹjọ, wọ́n ṣe ìpàdé pàjáwìrì ní Hankou, Qu Qiubai gba ipò olórí, Chen sì ru ẹ̀bi. Ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ ni wọ́n nà.

Àwọn ọmọ tún máa ń ṣì í sọ pé Chiang ló pa Li Dazhao. Zhang Zuolin, ọ̀gágun tó di Beijing mú, ló pa á, ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹrin 1927. Wọ́n yẹgi fún un ni.

Ajílété

Ó kù ọ̀rọ̀ Àgbẹ̀kọ̀yà. Ẹ fa ìlà sí i, Tíṣà, àmọ́ ẹ fún ọmọ náà ní máàkì díẹ̀, torí ó ronú.

Òótọ́ ni pé ìyà jẹ àgbẹ̀ Ṣáínà. Kí ọmọ má fi ohun tí wọ́n ń san fún onílẹ̀ wé ìṣákọ́lẹ̀ tiwa, tó lè jẹ́ iṣu díẹ̀ tàbí agbè ẹmu kan. Ní ọ̀pọ̀ ibi ní gúúsù, ìdajì ìkórè ni, ó sì ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n àwọn àgbẹ̀ Ṣáínà ti ń dìde láti ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún wá, tí wọ́n sì ń fọ́ wọn ká. Àgbẹ̀kọ̀yà ti 1968 sí 1969 ní ohun kan pàtó tó ń bèèrè: kí owó orí dínkù, kí àwọn agbowó-orí yé fìyà jẹ èèyàn. Nígbà tí ìjọba dín in kù, àgbẹ̀ padà sóko. Àwọn Kọ́múnístì kò bèèrè ohun tí ìjọba lè dín kù. Ilẹ̀ àti ìjọba fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń lé.

Àwọn àgbẹ̀ kọ́ ló sì kọ́kọ́ pe àwọn Kọ́múnístì. Peng Pai wà lára àwọn tó kọ́kọ́ lọ bá wọn, ní Haifeng. Ọmọ onílẹ̀ ńlá ni, ó dáná sun ìwé ilẹ̀ tó kàn án ní 1922. Ẹgbẹ́ Kọ́múnístì kò kà á sí iṣẹ́ gidi nígbà yẹn.

Ohun tó gbà wọ́n là lẹ́yìn 1927, ètò ni. Wọ́n kọ́kọ́ gbìyànjú ìlú, ó kùnà. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹjọ wọ́n gba Nanchang, láàárín ọjọ́ díẹ̀ wọ́n fi í sílẹ̀, wọ́n forí lé gúúsù nínú ooru, ọ̀pọ̀ sá lójú ọ̀nà, wọ́n sì fọ́ wọn ká nítòsí Shantou. Ní oṣù Kejìlá wọ́n gba Guangzhou, ọjọ́ mẹ́ta péré. Láàárín méjèèjì, Mao kó nǹkan bí 5,000 jọ ní ààlà Hunan àti Jiangxi ní oṣù Kẹsàn-án. Rẹ́jímẹ́ǹtì kan (ìsọ̀rí sójà ńlá) tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà mọ́ra yí ìbọn padà sí wọn. Nígbà tí wọ́n fi dé abúlé Sanwan, wọn ò tó 1,000.

Sanwan yìí ni kí ọmọ kọ sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ lọ sílé, wọ́n fún un lówó ọ̀nà, kó máa lọ. Wọ́n gbé ẹ̀ka ẹgbẹ́ kalẹ̀ nínú kọ́ńpìnì (ìsọ̀rí sójà kékeré) kọ̀ọ̀kan, níbi tó jẹ́ pé ipele rẹ́jímẹ́ǹtì ló ń mọ tẹ́lẹ̀. Èyí ló fà á tí ọ̀gá kan kò fi lè kàn kó ọmọ ogun rẹ̀ lọ bá ọ̀tá lóru ọjọ́ kan. Wọ́n fi òfin de kí ọ̀gá máa na sójà. Wọ́n sì dá ìgbìmọ̀ sójà sílẹ̀ tó ń yẹ ìṣirò owó oúnjẹ wò.

Lẹ́yìn náà ni àwọn òfin nípa ará abúlé tẹ̀ lé e. Wọn ò gbọdọ̀ mú ohunkóhun lọ́wọ́ mẹ̀kúnnù, ì báà ṣe ànàmọ́ kan ṣoṣo. Kí wọ́n dá ilẹ̀kùn padà, kí wọ́n di koríko ìrẹsì tí wọ́n sùn lé, kí wọ́n sanwó ohun tí wọ́n bà jẹ́. Ti ilẹ̀kùn yẹn máa ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn pákó ibẹ̀ ṣeé yọ, òun ni sójà ń tẹ́ sùn. Ilẹ̀kùn ilé kan kò bá ti èkejì mu. Ẹ ronú ohun tí ìyá arúgbó máa wí tí wọ́n bá kó ilẹ̀kùn rẹ̀ fún ará ẹ̀yìnkùlé.

Ní oṣù Kẹwàá 1927 wọ́n gun òkè Jinggangshan. Wọ́n yàn án torí ààlà ìpínlẹ̀ méjì ni: àwọn ọ̀gágun Hunan àti ti Jiangxi kì í fẹ́ ran ara wọn lọ́wọ́, ọ̀nà tó wọ ibẹ̀ sì há. Àwọn ìgárá méjì tó ti ń gbé òkè náà, Yuan Wencai àti Wang Zuo, gbà wọ́n. Mao fún Yuan ní ìbọn 100. Àléébù ibẹ̀ ni oúnjẹ. Nígbà tí Zhu De, ọ̀gágun Kọ́múnístì, dé ní oṣù Kẹrin 1928, ọmọ ogun lé ní 10,000, òkè náà kò sì lè bọ́ wọn. Ọ̀tá dí ọ̀nà mọ́ iyọ̀, aṣọ àti oògùn. Ní oṣù Kìíní 1929 Mao àti Zhu sọ̀kalẹ̀ lọ sí gúúsù Jiangxi, níbi tí ìrẹsì wà. Ẹni tó bá ń yin Jinggangshan bíi pé odi tí kò ṣeé wọ̀ ni, kí ó rántí pé ebi ló lé wọn kúrò níbẹ̀.

TíṣàTákíé

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ọmọ náà ti gbà pé òun máa yí gbólóhùn rẹ̀ padà sí "ìyà wà, ètò ni kò sí tẹ́lẹ̀". Ọ̀kan kù: àwọn orúkọ wọ̀nyí yàtọ̀ láti ìwé kan sí èkejì. Ṣé Guomindang àti Kuomintang yàtọ̀ ni?

ỌmọÀtìbà

Ọ̀kan náà ni, ọ̀nà ìkọ̀wé méjì ni. Chiang Kai-shek ni Jiang Jieshi, Whampoa ni Huangpu, Canton ni Guangzhou, Mao Tse-tung ni Mao Zedong. Kí wọ́n mú ọ̀nà kan, kí wọ́n má pa á pọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ adájọ́ á rò pé èèyàn méjì ni Chiang àti Jiang. Ní ti pípè, "x" nínú Duxiu fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí ṣ tiwa, "zh" fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí j. Kí wọ́n má sì bẹ̀rù ohùn rẹ̀: èdè olóhùn ni, bíi tiwa. Ohùn tó ń gòkè ni wọ́n fi ń pe Mao.