MacBook Air M4, kọ̀ǹpútà alágbèéká Apple: ṣé kí n ṣe ọ́dà rẹ̀ wá sí Kàbà?

Ará Kàbà: Okun o, ẹ̀yin ará. Àwòrán ìgbéyàwó ni mò ń tún ṣe, owó epo jẹnẹrétọ̀ sì ti fẹ́ẹ̀ jẹ èrè mi tán. Wọ́n ní bátìrì rẹ̀ ń lo wákàtí 18. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé 256GB, àyè tó ní láti tọ́jú fáìlì, á tó mi?

Ará Mọ̀pà: Fídíò wíwò ni wọ́n fi wọn 18 yẹn o, lórí íntánẹ́ẹ̀tì, 15 ni wọ́n pè é. Iṣẹ́ àwòrán á tún dín in kù. RAM 16GB, ìyẹn mẹ́mórì tó fi ń ṣiṣẹ́, dáa, àmọ́ ẹ ò lè fi kún un tó bá yá.

Ará Ẹ̀gbẹ̀: Ní ti 256GB yẹn, ẹ ra háàdì tó ń dá dúró kún un. Ihò USB-C méjì péré ló ní, káàdì kámẹ́rà yín ò ní wọ̀ ọ́ láìsí adàpítọ̀. Èmi ṣe ọ́dà láti Èkó, ọjọ́ mẹ́sàn-án ló fi sùn ní Lọ́kọ́ja!

Ará Kàbà: Adàpítọ̀ tún kẹ̀? Ẹ ṣeun. Mo máa fojú rí i ná kí n tó sanwó.